Ìyẹ́ Adìyẹ Lórí Ọwọ́ Àfẹ́sọ́nà Mi

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Ọyẹ́ ti ń fìyà jẹ wá láti ìgbà Kérésìmesì, ètè wa ti là, gìgísẹ̀ wa ti sán, eruku pupa sì ti jókòó sórí gbogbo ewé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ lù mí lójú, òórùn ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn gba gbogbo àgbàlá. Kùrukùru ṣì bo àwọn àpáta tó yí ìlú wa, Adó, ká, orí wọn nìkan ló yọ síta. Bàbá mi jáde, ó fi àtàńpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ ti rọ̀! Ọlọ́run mọ̀ pé àna mi ń bọ̀ lónìí."

Ọ̀wẹ̀ àna ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Nígbà tí mò ń sọ yìí, mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Adó ni. Ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọn yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọn yóò lọ kọ ebè iṣu fún bàbá ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ohun kan tún wà níbẹ̀: poro àkọ́kọ́, ìlà ebè tó wà létí ọ̀nà tí gbogbo èrò oko ń gbà kọjá, ọkọ ìyàwó nìkan ni yóò kọ ọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kàn án. Orí poro yẹn ni bàbá mi ti fẹ́ wo ẹni tí yóò máa bọ́ ọmọ òun. Bí poro bá parí, wọn yóò dá ọjọ́ ìgbéyàwó lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá parí, kí ọkọ ìyàwó padà sílé ná.

Ara mi kò balẹ̀ rárá. Ìgbà tí mo rí ọkùnrin náà kò tó nǹkan. Ó ti wà ní Èkó tipẹ́, ó ń bá òyìnbó dókítà kan ṣiṣẹ́, àwọn òbí wa ló jọ sọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn. Kérésìmesì yẹn ló tó padà wálé pátápátá. Mo rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ga, ó dúdú, ó ń kọrin pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ òsì sì wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé òpin. Àwọn obìnrin ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn.

"Ẹ wò ó, kò lè yọ ọwọ́ lápò. Afẹ́ Èkó ni!"

Èmi náà rò pé afẹ́ ni. Ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó àfẹ́sọ́nà kì í jẹ́ kí àwọn àna rí ojú òun nígbà náà. Tí a bá rí wọn lọ́nà, a ó fi aṣọ bojú, a ó sá wọ igbó. Nítorí náà, inú ahéré oko ni wọ́n fi mí pamọ́ sí lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, èmi àti ìyá tó bí bàbá mi, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé. Ojú Yèyé ti fọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ ju ti ajá lọ. Ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé ń se iṣu lẹ́yìn ahéré. Èmi fi ojú kan lé ihò tó wà lára ògiri imọ̀ ọ̀pẹ, n kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Wọ́n ti ń bọ̀," ni Yèyé wí, kí n tó rí ẹnikẹ́ni.

Lóòótọ́ ni. Orin wọn ló ṣáájú wọn dé. Wọ́n yọ lẹ́yìn igi ìrókò, ọkọ́ ń kọ mànà lórí èjìká wọn, wọ́n ń jó bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi wà níwájú, ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn kan tí apá rẹ̀ dé orí ìka.

"Ẹ kú uṣẹ́ o!" ni bàbá mi ké mọ́ wọn.

"Oòò!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ọ̀wẹ̀ rí, n kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún yín. Bí ọkọ́ ti ń wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú ilẹ̀ ń dún *gbì, gbì*, ebè ń ga bí ìgbà tí ẹnì kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nínú. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ni alábòójútó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bú wọn kí wọ́n lè yára, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ ọn gan-an. Ẹ̀gbẹ́ poro àkọ́kọ́ ló dúró sí.

"Ọmọ Èkó! Ebè lo ń kọ ni, àbí o ń sin ológbò?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá Kékeré," ni àfẹ́sọ́nà mi dáhùn. "Ológbò yìí yóò bí iṣu fún yín."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo. Èmi náà fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí ẹ̀rín má baà jáde. Yèyé na ọwọ́, ó gbá mi nítan.

"Ṣé ó lè dáhùn ọ̀rọ̀? Ó dáa. Ebè rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń lọ, Yèyé. Ó ń lọ dáadáa."

Ó ń lọ lóòótọ́, títí ó fi dé nǹkan bí ìdajì. Lẹ́yìn náà, mo rí i pé ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan fa ọkọ́, òsì ń bá a lẹ́yìn bí ẹrù. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kékeré tẹ̀ síwájú láti bú u, ó wo èèkù ọkọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti kun èèkù ọkọ́ náà.

"Ká apá ẹ̀wù yẹn sókè."

"Kò sí nǹkan, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀."

Bàbá Kékeré kò dúró gbọ́. Ó fi orí ọ̀pá rẹ̀ gbé apá ẹ̀wù náà sókè, ló bá fò sẹ́yìn.

"Ẹ dúró! Ẹ dá iṣẹ́ dúró! Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀! Ẹ̀tẹ̀ ni!"

Ọkọ́ ń já bọ́ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó ń fi èjìká kan èjìká pẹ̀lú rẹ̀ láìpẹ́ yìí ti dúró lókèèrè, ọ̀kan ń fi ewé nu ọwọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ahéré, odó dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹni tí wọ́n bá pè ní adẹ́tẹ̀ nígbà náà, ẹ̀yìn ìlú ni ilé rẹ̀. Abọ́ rẹ̀ yàtọ̀, odò tó ti ń pọnmi yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kò tilẹ̀ ní sí níbẹ̀.

Bàbá mi wá, ó dúró níwájú rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Mo rí i láti inú ihò mi. Ẹ̀yìn ọwọ́ náà ń dán bí awọ ìlù, kò sí irun kankan lórí rẹ̀. Ó funfun níbì kan, ó dúdú níbì kan, iṣan pupa tín-ín-rín bí òwú sì ṣe wọ́n-wọ́n káàkiri. Kókó líle wà lórí àwọn oríkèé. Èékánná méjì ti bọ́, àwọn tó kù ti là gígùn. Ibi tí èèkù ọkọ́ ti bó o ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Iṣẹ́ ló ṣe é."

"Iṣẹ́ wo ló ń jẹ èékánná?"

Ó wá sọ ọ́. Ó ní ẹ̀rọ kan wà ní yàrá dókítà náà tí ń fi egungun ènìyàn hàn láì fi ọ̀bẹ kàn án. Láràárọ̀, kí aláìsàn tó wọlé, dókítà á ní kí ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára. Bí egungun ọwọ́ rẹ̀ bá hàn kedere, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá hàn, á tún dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́ ọn padà, láìmọ̀.

"O rí egungun ara rẹ?" ni bàbá mi bi í.

"Mo rí i, Bàbá, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì! Òrùka tí mo fi sọ́wọ́ dúró lórí egungun bí ẹni pé kò sí ẹran láàárín wọn. Bí mo bá ká ìka, egungun á ká. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kígbe!"

"Ṣé ó gbóná?"

"Kò gbóná, kò ta, kò rùn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi sá fún un. Ìgbà tó yá ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹni pé iná jó o, awọ rẹ̀ ṣí, ó tún jinná. Mo rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni irun bọ́, tí èékánná bẹ̀rẹ̀ sí í là."

"Iná tí kò gbóná, tó ń jó ènìyàn!" Bàbá Kékeré pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i pé irọ́ Èkó ni. Ẹ lé e lọ kí ó tó fọwọ́ kan iyán."

Ìgbà náà ni Yèyé dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fi ọ̀pá wá ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ síta.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ. Nínú gbogbo yín, ta ló gbé pẹ̀lú adẹ́tẹ̀ rí? Èmi nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná lọ́jọ́ kan, awọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìkòkò, ó ṣì ń bá wa ṣàwàdà. Kò mọ̀! Ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá ti jókòó sí lára, kò ní gbọ́ nǹkan mọ́. Ẹ di ojú ọmọ yìí, kí ẹnì kan fi ìyẹ́ adìyẹ kàn án lọ́wọ́, ká wò ó bóyá yóò mọ̀."

Ìyẹ́ kò ṣòro, adìyẹ tí wọ́n pa fún ọbẹ̀ wà lẹ́yìn ahéré. Ta ni yóò dì í mú? Bàbá Kékeré ń wo ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ń wo ara wọn. Ìyá ọkọ ìyàwó kò sí níbẹ̀. Yèyé yí orí padà sí ahéré.

"Ìwọ tó o wà nínú ilé yẹn, ṣé o ti sùn ni?"

N kò mọ bí mo ṣe jáde. Mo ṣá rí i pé oòrùn wà lójú mi, orí mi sì wà níhòòhò níwájú gbogbo àna mi, nítorí mo ti tú gèlè mi láti fi di ojú rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé kígbe "Yéè!" Ìyá mi pe orúkọ mi. Mo di gèlè mọ́ ojú ọkùnrin náà, ó sì wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ìwọ ni?" Mo ní, "Má sọ̀rọ̀, na ọwọ́."

Ìyàwó ilé kan na ìyẹ́ sí mi, mo fi kàn án.

Kò sọ nǹkan kan.

Mo tún fi kàn án. Kò sọ nǹkan kan. Ariwo sọ lẹ́yìn mi. "Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí i?"

"Níbo lo fi kàn?" ni Yèyé béèrè.

"Lórí kókó dúdú yìí, Yèyé."

"Ṣé kókó líle ń mọ ìyẹ́ ni? Èékánná tìrẹ ń mọ̀ ọ́n? Fi kan ibi tó ń dán!"

Mo sún ìyẹ́ sí ẹ̀yìn ìka àárín, ibi tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ti àlùbọ́sà. Kí n tó fi kàn án dáadáa, ó fa ọwọ́ yọ.

"Ìka àárín! Ẹ rọra!"

Mo fi kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́. "Ọrùn ọwọ́!" Mo fi kan ibi funfun lábẹ́ ìka kékeré. "Ìka kékeré, lábẹ́!" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́ wa, wọ́n ń ka èyí tó gbà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ìjàkadì. Bàbá Kékeré juwọ́ sí mi pé kí n fi ìyẹ́ dúró lójú afẹ́fẹ́, kí n má fi kàn án níbì kankan.

"Ó yá, ọmọ Èkó! Níbo ló wà báyìí?"

"Kò sí níbì kankan, Bàbá Kékeré. Ẹ̀yin lẹ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín bú gbàà! Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré kò fẹ́ kí ọjọ́ náà parí láìjẹ́ pé òun náà wò ó. Ó gba ìyẹ́ lọ́wọ́ mi, ó yí ìdí rẹ̀ tó mú ṣónṣó, ó fi gún ẹ̀yìn ọwọ́ náà.

"Yéè! Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀!" ni Bàbá Kékeré fi igbe ta, bí ẹni pé òun ló ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀. "Mo ti wí fún yín! Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀!"

Ẹ ò bá rí oko lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé ọkùnrin náà sókè. Odó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ahéré, ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi ewé nu ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ bọ abọ́ iyán kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi kò tíì tú gèlè lójú, ó ń rẹ́rìn-ín sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo tú u.

Lẹ́yìn iyán ni bàbá mi tó béèrè èyí tó kù. Bàbá mi kì í gbàgbé nǹkan.

"Ṣé ọwọ́ yìí yóò jinná?"

Ọkùnrin náà kò purọ́. Ó ní dókítà náà fúnra rẹ̀ ti padà sí ìlú wọn, wọ́n sì ti gé ìka rẹ̀ kan. Ó ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú òun ti fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń ṣòwò tirẹ̀, kí ọgbẹ́ tó wá ṣí lójijì láìjẹ́ pé nǹkan kan lù ú.

Òótọ́ ló sọ, èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi bá a gbé, mo mọ ọwọ́ yẹn ju bí mo ṣe mọ ti àwọn ọmọ mi lọ. Ọyẹ́ kì í jẹ́ kó sinmi, á là, á ṣẹ̀jẹ̀. Òrí ni mo fi ń pa á láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kì í fi í sínú omi gbígbóná, kì í sì fi í sínú oòrùn láì dì í. Ìka rẹ̀ kò ká tán mọ́. Ilé wa ti kún fún ọmọ nígbà tí ọgbẹ́ kan yọ lórí ìka àárín, lórí ọ̀kan nínú àwọn kókó dúdú yẹn. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọgbẹ́ náà kò dí. Dókítà kan gé ìka náà, ó ní bí a bá fi í sílẹ̀, yóò gun apá. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún gé èyí tó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ ó darúgbó. Ìka mẹ́ta ọwọ́ òsì yẹn ló fi ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ wa jó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé kí ẹ má sọ pé ohun tí kò dun yín lónìí kò ṣe yín ní nǹkan. Bí awọ ara bá ti jó lọ́nà yẹn, ẹ máa ṣọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́ ayé yín, bí kókó kan bá yí padà tàbí ọgbẹ́ kan kọ̀ tí kò jinná, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ká padà sóko. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí.

"Ó dùn mọ́ mi pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. O kì í ṣe òpùrọ́, ìyẹn náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìdajì poro ló wà nílẹ̀ yìí."

"Ẹ jẹ́ kí a bá a parí rẹ̀, Bàbá!" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, àwọn kan ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Bàbá Kékeré pàápàá ń bẹ̀bẹ̀.

"Bàbá mi ló fi lélẹ̀. Ẹgbẹ́ ọkọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. N kò lè yí i padà lórí ọmọ tèmi. Ẹ máa lọ sílé, a ó máa wò ó."

Wọ́n lọ. Orin wọn kò dún mọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ. Àfẹ́sọ́nà mi wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ní ìdí igi ìrókò, lójú gbogbo ènìyàn ni mo sì ti gbé ọwọ́ sókè sí i. Ìyá mi fà mí létí. Kò dùn mí. Mò ń ro ọ̀rọ̀ bàbá mi lọ́kàn títí mo fi délé: ẹgbẹ́ ọkọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó dáa. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa ìyàwó, nítorí obìnrin wa kì í kọ ebè, kò sì wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, mo mú ọkọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gba ọ̀nà oko lọ. Mo dúró níbi tí ebè rẹ̀ parí sí, mo sán aṣọ mọ́ ìdí, mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò oko ń dúró wò mí. "Kí lèyí? Obìnrin!" Mo ń kí wọn ẹ kú àárọ̀, mo ń fa ilẹ̀. Àkọ́kọ́ wọ́, èkejì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àtẹ́lẹwọ́ mi lé ròrò, ó bẹ́. Nígbà tí bàbá mi dé, pákò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, oòrùn ti yọ lórí àpáta, ó sì ku díẹ̀ kí poro náà parí. Ó dúró sétí ọ̀nà. Ó wò mí títí mo fi kọ èyí tó kẹ́yìn.

Ó yọ pákò lẹ́nu.

"Poro ti parí. Lọ mú èbù iṣu wá nínú ahéré," ló wí.

Mo lọ mú un wá, mo sì gbìn ín láti orí poro náà títí dé ìdí rẹ̀.